Bí àgbẹ̀ Èkìtì ṣe lè múra sílẹ̀ de ìrànwọ́ ìjọba lórí ìtọ́jú ilẹ̀

Ìrànwọ́ ìjọba fún àgbẹ̀ tó fẹ́ jáwọ́ nínú igbó sísun, tó sì fẹ́ gbin igi sáàárín kòkó, kì í sábà jẹ́ owó. Ọmọ igi, irinṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ ló máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ti múra ni í kọ́kọ́ kàn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ìdílé, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà fẹnu kò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀ lẹ ń san, ẹ rọra o. Ẹni tó bá gbin igi tó ń pẹ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n á ní ó fẹ́ fi sọ ilẹ̀ di tirẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gba ọmọ afàrà tàbí ìdígbó kankan, ẹ ṣe ìwé: ta ló ni igi náà, ta ló lè gé e, báwo ni yóò ṣe rí bẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀? Kí ẹlẹ́rìí buwọ́ lù ú. Ìwé yìí lè dá ìjà sílẹ̀, àmọ́ ìjà tó dé kí igi tó wọlẹ̀ ló rọrùn láti parí.

Olóko kòkó ní láti mọ ojú ibi tí oko rẹ̀ wà lórí GPS. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 kò fẹ́ kòkó láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 2020. Bí oko bá ju hẹ́kítà 4 lọ, ẹ mú fóònù, kẹ́ ẹ rìn yípo ààlà rẹ̀. Bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ibì kan ṣoṣo lórí GPS ti tó.

Ẹ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Nígbà Fádámà, ètò ìrànwọ́ àgbẹ̀ tí Báńkì Àgbáyé kówó sí, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń bá ṣe. Kí orúkọ inú NIN, BVN àti àkáǹtì yín bára mu.

Ẹ wá lọ sí ọ́fíìsì ADP, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, kí wọ́n rán òṣìṣẹ́ wọn wá wo oko. Kó tó dé, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lára apá kékeré kan. Níbi olókè bí Ẹfọ̀n-Alààyè, ẹ kọ poro dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹ má kọ ọ́ tọ ọ̀nà omi. Ẹ gbin ẹ̀gúsí kó bo ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbin àgúnmánìyè, kẹ́ ẹ lè máa rí igi ta iṣu láìwọ igbó. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ buwọ́ lùwé, ẹ bi wọ́n: ẹ̀bùn ni àbí ẹ̀yáwó? Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù sí àkáǹtì tirẹ̀, ẹ má san án.