Ẹ jẹ́ kí irúgbìn tòmátì ìbílẹ̀ kọ́kọ́ kan kí ẹ tó sá a
Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó tí ẹ ṣì ní tòmátì ìbílẹ̀ onílà-ìlà yẹn lẹ́yìnkùlé, ẹ má fọ irúgbìn rẹ̀ kí ẹ sá a lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kan bí omi ògì fún ọjọ́ méjì. Èso tó pọ́n dáadáa lára igi tó lágbára jù ni kí ẹ mú. Ẹ là á, ẹ fún irúgbìn àti omi rẹ̀ sínú ife, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò dé. Ohun tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ lára irúgbìn náà ni kì í jẹ́ kó tètè hù, àwọn àrùn kan sì máa ń bá a lọ. Bó bá ṣe ń kan ni ìyẹn ń bọ́ kúrò. Bí ojú rẹ̀ bá funfun, tó ń rùn, ẹ má dà á nù o, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ nínú ooru tiwa yìí, kó má kọjá ọjọ́ mẹ́ta, kó má baà hù sínú ife. Ẹ wá bu omi púpọ̀ sí i, kí ẹ rò ó: èyí tó léfòó, ẹ dà á nù, èyí tó rì, ẹ fi asẹ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sórí àwo. Bébà ò dáa, ó máa lẹ̀ mọ́ ọn ni. Tòmátì àdàlù (hybrid), ìyẹn èyí tí wọ́n fi oríṣi tòmátì méjì bí, tí wọ́n ń ta irúgbìn rẹ̀ nínú páálí, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ọmọ rẹ̀ kì í jọ ìyá.