Èèyàn mélòó ló ń pín kámẹ́rà kan? Bí mo ṣe yan ilé-ẹ̀kọ́ sinimá l'Ékòó

₦720,000 ló wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gba àjọ tán. Fídíò òde ni mo fi kó o jọ: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé kámẹ́rà tẹ̀lé ìyàwó wọ gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí n sọ bí òṣèré méjì ṣe máa dúró kí ìjà wọn lè jọ ìjà, ẹnu mi á wọhò. Ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́ nìyẹn.

Ti ọ̀fẹ́ ni mo kọ́kọ́ wá lọ. MultiChoice Talent Factory bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ l'Ékòó ní 2018, fún oṣù 12, láìgba owó ilé-ìwé. Fọ́ọ̀mù ọdún yẹn ti parí kí n tó gbọ́. Jos ló kàn, níbi tí National Film Institute tìjọba àpapọ̀ ti wà láti 1995. Màmá mi ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ débi owó: "Jos kẹ̀? Lọ́dọ̀ ta ni?" Èmi ní tèmi, Sátidé mi ni mò ń rò. Bí mo bá fi Èkó sílẹ̀, ta ni yóò pè mí sóde?

Ó wá ku méjì. Ọ̀kan wà ní Ìkòyí, oṣù 3, ₦950,000. Èkejì wà ní Ìlúpéjú, oṣù 9, ₦480,000. Ní Ìkòyí, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, wọ́n fún mi lómi tútù àti ìwé dídán tí àwòrán kámẹ́rà ńlá wà lára rẹ̀. Wọ́n ní mo lè san owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Díẹ̀ ló kù kí n san apá kan lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ta kásẹ́ẹ̀tì fíìmù ní Ìdúmọ̀tà títí òwò yẹn fi kú ló dá mi dúró. "Má bi ọ̀gá ilé-ìwé. Lọ dúró sẹ́nu géètì laago mẹ́rin, kí o bi àwọn tó ń jáde." Ó ní láyé ìgbà tòun, òun kì í wo pósítà kóun tó kó ọjà; ẹni tó dá kásẹ́ẹ̀tì padà lòun máa ń wo ojú rẹ̀.

Mo ra gúgúrú, mo lọ dúró. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo mú lọ: èèyàn mélòó ló ń pín kámẹ́rà kan? Ní Ìkòyí, ọmọkùnrin kan rẹ́rìn-ín. Àwọn 40 ń lo méjì. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́wọ́ rẹ̀ ti kan kámẹ́rà, ìkejì sì jẹ́ pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Ní Ìlúpéjú, kámẹ́rà ti gbó, sẹ́lótéèpù wà lára ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn 15 ló ń lo mẹ́ta, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ darí fíìmù ìṣẹ́jú 10 tirẹ̀ kó tó parí. Ọmọbìnrin tó sọ fún mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, àpò yín lẹ ó ti mú owó fíìmù yẹn o. Ilé-ìwé kì í bọ́ òṣèré."

Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí n jókòó ṣírò. Láti Ojúẹlẹ́gbà dé Ìkòyí, àlọ-àbọ̀ ₦2,400, fún ọjọ́ 60, ₦144,000 nìyẹn. Bí a bá ro owó ilé-ìwé mọ́ ọn, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan kí n tó ra búrẹ́dì. Ti Ìlúpéjú: ọkọ̀ ₦1,000, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 36, ₦108,000, fọ́ọ̀mù ₦15,000, mo ya ₦100,000 sọ́tọ̀ fún fíìmù tèmi. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦703,000. ₦17,000 ṣẹ́kù, Sátidé mi ò sì lọ. Ìlúpéjú ni mo yàn.

Mi ò ní purọ́, ti Ìkòyí ṣì ń wù mí. Àwọn èèyàn tó ní owó fíìmù lọ́wọ́ máa ń yà síbẹ̀. Ní Ìlúpéjú, kọ̀ǹpútà wọn ń falẹ̀ débi pé tèmi ni mò ń gbé lọ láti fi gé fíìmù.

Mo ti ń kọ ìtàn ìṣẹ́jú 10 náà báyìí: tọkọtaya kan, iyàrá kan, òru ọjọ́ kan tí iná lọ. Àtùpà kan ló máa tan gbogbo rẹ̀. Òṣèré méjì, abọ́ ìrẹsì méjì.