Ilẹ̀ gbígbẹ ni a ń tà: bí a ṣe ń fi ilé ẹṣin gbígbá ṣe òwò

Ẹni tó bá rí ẹṣin pólò lórí pápá ní Ìbàdàn, tàbí ẹṣin tí wọ́n dì ní gàárì alárànbarà fún ọdún Iléyá ní Ìlọrin, kì í sábà ronú kan ibi tí ẹṣin náà sùn mọ́jú. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi wà. Ẹṣin mẹ́rin, bárò kan àti ṣọ́bìrì kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, mo sì rò pé ìmọ́tótó ni mò ń tà. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ilẹ̀ gbígbẹ ni oníbàárà ń sanwó fún, àti pé ibùso kan, ìyẹn yàrá tí ẹṣin kan ń sùn sí, lè mọ́ lójú kí ó má sì gbẹ rárá.

Ìgbẹ́ kọ́ ni ìṣòro. Lóòótọ́, ẹṣin tó wúwo tó 450 sí 500 kìlógíráàmù lè yàgbẹ́ tó 15 sí 20 kìlógíráàmù lójúmọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹṣin mẹ́rin yóò fún yín ní nǹkan bí 60 sí 80 kìlógíráàmù láti kó jáde, láìtíì ka iyẹ̀fun igi tí a tẹ́ sílẹ̀ fún ẹṣin, tó ti rin mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ẹṣin ṣù, ó hàn sójú, ó sì rọrùn láti fi fọ́ọ̀kì ńlá kó. Ìtọ̀ ni ó ń fara pamọ́ sábẹ́, tí ó ń di amóníà, afẹ́fẹ́ tí ń ta ènìyàn lójú, tí ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró ẹṣin jẹ́, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì ń mú kí abẹ́ pátákò máa rà, kí ó sì máa rùn. Nígbà tí mo bá parí ibùso kan, mo máa ń kúnlẹ̀ kí n tó jáde, nítorí pé ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni ẹṣin ń gbé imú sí nígbà tó bá ń jẹun tàbí tó bá dùbúlẹ̀. Bí ojú bá ta mí lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, mi ò tíì parí.

Ẹ jẹ́ kí olùtọ́jú ẹṣin kọ́kọ́ mú ẹṣin jáde, nítorí ẹṣin lè ta ènìyàn nípàá lójijì. Ẹ gbé garawa omi àti agbada oúnjẹ kúrò. Ẹ fi fọ́ọ̀kì kó ìgbẹ́, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́ kí iyẹ̀fun igi tó gbẹ lè jọ̀ sílẹ̀, nítorí owó ni ẹ ń dà nù bí ẹ bá kó o dànù pọ̀ mọ́ ìgbẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ́ èyí tó gbẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ibi tó tutù yóò sì fara hàn láàárín. Ẹ wà á títí tí ẹ ó fi kan ilẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i fún bíi wákàtí kan kí ẹ tó tẹ́ òmíràn. Ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹṣin máa ń tọ̀ sí, nítorí náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan ẹ ó ti mọ igun tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan yàn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń kó gbogbo rẹ̀ jáde pátápátá. Nígbà òjò, ó di ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ má ṣe da bílíìṣì, omi oògùn tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, sórí ilẹ̀ tí ìtọ̀ wà. Mo ṣe é ní oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rò pé òórùn náà yóò kú. Bílíìṣì àti amóníà pàdé, èéfín tó jáde níbẹ̀ sì jẹ́ májèlé: mo wúkọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹṣin kankan kò sí nínú ilé. Omi àti ọṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣàn án dáadáa, kí ó gbẹ.

Ní ti iyẹ̀fun igi, ilé ìlagi ni mo ti ń rà á, mo sì máa ń ki ọwọ́ bọ inú àpò kí n tó sanwó. Èyí tó kúnná bí ẹ̀lùbọ́ máa ń mú ẹṣin wúkọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́. Èyí tó wá láti ara pákó tí wọ́n ti kun ní oògùn ikán, ẹ má ṣe gbà á, bí wọ́n tilẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Àṣìṣe tó jẹ mí lówó jù lọ wà nínú àdéhùn. Mo bá oníbàárà kan dá iye kan lóṣù fún “ilé ẹṣin rẹ̀”, nígbà tí ẹṣin mẹ́rin péré wà níbẹ̀. Nígbà tí àkókò ìdíje dé, ẹṣin àlejò wọlé láti òkè Ọya, wọ́n di mẹ́sàn-án, owó mi kò sì kúrò lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò rẹ́ mi jẹ, ohun tí a jọ sọ ni ó san. Láti ìgbà náà, ibùso kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni mo ń dá owó lé. Owó iyẹ̀fun igi àti ọkọ̀ tí yóò gbé e wá dá dúró, kíkó ìgbẹ́ kúrò lọ́gbà dá dúró, mo sì máa ń sọ iye ti ìgbà òjò kí oṣù kẹrin tó wọlé. Ẹ ṣírò ti ọjọ́ Àìkú náà mọ́ ọn, torí ẹṣin kò mọ̀ ọ́n. Ẹni kan kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe lọ́jọ́ méje ọ̀sẹ̀ láìṣàìsàn.

Ẹ̀yin ni ẹ ó máa kọ́kọ́ rí ìgbẹ́ ní òwúrọ̀, nítorí náà ẹ máa wò ó. Ẹṣin tí ara rẹ̀ le sábà máa ń yàgbẹ́ bí ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín wákàtí 24. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá kóró ìgbẹ́ mẹ́ta péré, tó le bí ẹyìn, nínú ibùso abo ẹṣin kan tí oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ ṣì kù sílẹ̀. Mi ò mọ ìṣègùn, ṣùgbọ́n mo pe ọ̀gá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, dókítà ẹran sì dé kí oòrùn tó mú. Inú rírun ni, irú èyí tó lè pa ẹṣin. Oníbàárà mẹ́ta ni ìpè kan yẹn mú wá fún mi. Olùtọ́jú ẹṣin ni mo kọ́kọ́ sọ fún kí n tó pe ọ̀gá, ẹ má ṣe fo ìyẹn dá: bí ó bá rò pé ẹ ń ṣòfófó òun, ẹ ó máa bá ẹṣin nínú ibùso ní gbogbo àárọ̀ tí ẹ bá dé.

Ó ku òkìtì ìgbẹ́. Ẹ gbé e jìnnà sí kànga, ẹ má sì jẹ́ kí èyí tó tútù wà káàkiri tó ọ̀sẹ̀ kan, nítorí nínú ooru, ẹyin eṣinṣin lè di èyí tó ń fò láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Bí ẹ bá kó o jọ gíga, tí ẹ ń wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀, tí ẹ sì ń yí i, inú rẹ̀ yóò gbóná tó ìwọ̀n 55 sí 60 lórí òṣùwọ̀n ooru Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, èyí tí ń pa ẹyin aràn àti èso koríko. Ó ń gba tèmi ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó di ajílẹ̀ tí mo lè tà. Èyí tó tútù máa ń jó ẹ̀fọ́, nítorí náà mi kì í tà á, bí ó ti wù kí wọ́n bẹ̀ mí tó. Àwọn ìyá tí ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò máa ń gbé àpò tiwọn wá, wọn kì í sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́: wọ́n á ti ọwọ́ bọ inú òkìtì dé ìgúnpá, bí kò bá gbóná mọ́, tí ó sì ń rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, wọ́n á tú ìdí ìró wọn láti mú owó.