Bí mo ṣe sọ ẹsẹ̀ tábìlì àtijọ́ di ọ̀pá àbẹ́là mẹ́ta

Bí ojú tábìlì bá tilẹ̀ ti là, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábà máa ń le koko síbẹ̀, pàápàá àwọn oníkókó tí káfíńtà fi ẹ̀rọ gbẹ́. Irú rẹ̀ ni mo fi ṣe ọ̀pá àbẹ́là mẹ́ta: sẹ̀ǹtímítà 20, 28 àti 36. Ẹsẹ̀ kẹrin ni mo fi dánra wò. Orí rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gé, tí mo ti kọ́kọ́ lu ihò, tí mo ti kọ́kọ́ fi epo pa. Ẹ má fojú kéré ẹsẹ̀ ìdánwò yìí, òun ló gba àwọn mẹ́ta yòókù là.

Kí ayùn tó kan igi, mo fi òòfà wá irin kiri ara rẹ̀. Apá onígun mẹ́rin tí wọ́n fi so ẹsẹ̀ mọ́ tábìlì ni ìṣó àti bóòtù máa ń sá pamọ́ sí, ẹyọ kan sì tó láti ba eyín ayùn jẹ́. Bóòtù tí kò lórí ni mo bá níbẹ̀. Mo yí nọ́ọ̀tì méjì wọ̀ ọ́, mo fún wọn mọ́ra gírígírí, mo wá fi súpánà yí ti ìsàlẹ̀ sí apá òsì, bóòtù náà sì jáde wẹ́rẹ́. Mo tún gbo ẹsẹ̀ náà lórí bébà funfun: bí ìyẹ̀fun igi bá ń dà láti inú ihò wẹ́wẹ́, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ má gbé e wọlé. Ọ̀dà ara igi tó ti pẹ́ gan-an lè ní òjé (lead), tó jẹ́ májèlé, ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á. Ẹ fi omi rin ín, ẹ fi ìbòmú bo imú, kí ọmọdé má sì sí nítòsí.

Mo dojú ẹsẹ̀ dé. Apá tín-ín-rín tó ń tẹ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló di orí, apá tó sanra ló di ìdí. Ibi tí kókó kan parí sí ni mo ti gé e. Bí a bá gé e láàárín kókó, ńṣe ló máa dà bíi pé ó ṣẹ́. Kí ìlà gígé lè tọ́, mo wé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn títí etí bébà fi pàdé, mo fi pẹ́ńsù tọ̀ ọ́ yíká. Mo kọ́kọ́ fi ayùn ha ojú ìlà náà yíká ní mílímítà 4, kí n tó gé e já. Bí a bá gé e láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ayùn máa yà.

Ihò àbẹ́là ló le jù. Orí ẹsẹ̀ náà fẹ̀ ní mílímítà 40. Ife irin kékeré tí àbẹ́là máa jókòó sí fẹ̀ ní 24 lóde àti 22 nínú, èyí tó fi mílímítà 8 péré sílẹ̀ yíká. Ẹ má yọ ife yìí kúrò, òun ni kì í jẹ́ kí iná kan igi bí àbẹ́là bá jó tán. Láti rí àárín, mo gbé orí ẹsẹ̀ lé bébà, mo fi pẹ́ńsù yí i po, mo gé òbìrí náà jáde, mo sì ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni àárín. Mo fi bébà náà lé orí igi, mo fi ìṣó gún un. Dríìlì mílímítà 3 ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni 24, tó jìn ní 25. Lára ẹsẹ̀ ìdánwò, 24 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ tààrà: ó yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ku mílímítà 3 péré lápá kan, igi sì là.

Pákó ojú tábìlì náà ni mo fi ṣe ìdí: sẹ̀ǹtímítà 14 ní igun mẹ́rin, 2 ní nínípọn. Ojú ibi tí a gé igi sí máa ń fa gọ́ọ̀mù mu, tí kò fi ní dì mọ́ra dáadáa. Nítorí náà mo fi gọ́ọ̀mù pa á, mo dúró ìṣẹ́jú 10, mo tún pa á lẹ́ẹ̀kejì kí n tó gbé e lé pákó. Súkúrù gígùn mílímítà 60 gba abẹ́ wọlé, inú ihò mílímítà 3 tí mo ti lu sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igi á là. Ó sì sùn mọ́jú kó lè gbẹ.

Sáńpépà nọ́ńbà 80, 120 àti 220 ni mo fi ha á tẹ̀ léra; bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni sáńpépà ṣe ń kúnná tó. Mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́, mo ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún mọ́ kókó bí ẹni ń nu bàtà. Ti 220 ni kó tọ ìlà igi láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó lè pa àmì yíyí rẹ́. Òróró linseed (òróró hóró ewéko flax, tó máa ń gbẹ sára igi) ni mo fi pa á lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí 24 láàárín wọn. Àkísà tí ẹ fi nù ún ni kí ẹ tẹ́ sílẹ̀ lóde títí yóò fi gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sómi. Bí ẹ bá ká a jọ, ooru inú rẹ̀ lè dá iná sílẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i.