Ẹ rọra pẹ̀lú RAID 0 o

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ so dísíìkì méjì pọ̀ kí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ lè yára, kó rọra o. RAID 0, ọ̀nà kan láti so dísíìkì pọ̀ bí ẹyọ kan, máa ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́ sórí méjèèjì, ìyẹn ló ń mú un yára. Àmọ́ bí ọ̀kan bá kú, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Ojú mi ti rí i: fọ́tò ọdún mẹ́ta!

Tó bá jẹ́ dísíìkì tó ń yí lẹ ṣì ń lò, SSD (dísíìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) kan ṣoṣo á yára ju méjì irú èyí tó ń yí yẹn lọ. RAID 1 ní tiẹ̀, ẹ̀dà kan náà ló ń kọ sórí méjèèjì: ẹ ra 4 TB méjì, 4 TB náà lẹ máa rí lò. Kì í ṣe bákọ́ọ̀pù (ẹ̀dà tí a fi pa mọ́ lọ́tọ̀) o. Ohun tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́, á pa á rẹ́ lórí méjèèjì lójú ẹsẹ̀.