Òjò kọ́ ló ń pa líǹkì wa: bí mo ṣe tún líǹkì 80 GHz tò

Líǹkì wa jẹ́ réédíò méjì tó kojú síra lórí ọ̀pó, tí wọ́n ń fi ìgbì 80 GHz gbé dátà láti òpin kan dé èkejì. Réédíò méjì la ti pààrọ̀ kí n tó mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe réédíò. Ìkùukùu á ṣú, òjò á bẹ̀rẹ̀, líǹkì á kú. Òjò á dá, á jí padà. "80 GHz kì í gba òjò" ni wọ́n ń sọ fún mi ṣáá, títí kan ẹni tó gbé e kọ́. Ohun tó bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ tán. Òjò tó bá ń rọ̀ ní ìwọ̀n 50 mm ní wákàtí kan á jẹ nǹkan bíi 19 dB (òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí agbára ìgbì ṣe dín kù tàbí pọ̀ sí i) lórí kìlómítà kan ní 80 GHz, tó bá sì le dé 100 mm, á jẹ tó 30. Àmọ́ 800 mítà péré ni líǹkì wa. Òjò tó le jù yẹn ò lè jẹ ju 24 dB lọ lọ́wọ́ wa, líǹkì tí wọ́n bá sì tò dáadáa á rí 24 dB san, á tún ní ṣẹ́ńjì.

Ìwé àti bírò ló yẹ kí n kọ́kọ́ mú, kì í ṣe sípánà. Réédíò ń fi 12 dBm ránṣẹ́ (dBm la fi ń ka agbára fúnra rẹ̀; bó bá ṣe lọ sísàlẹ̀ òdo tó ni agbára ṣe kéré tó). Àwo 30 cm tó wà ní òpin kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń kó ìgbì jọ sójú kan, ń fi nǹkan bíi 43 dB kún un. Ọ̀nà jíjìn tó wà láàárín ń gba nǹkan bíi 128.6 dB. Èyí tó kù tó yẹ kí òdìkejì gbọ́ jẹ́ nǹkan bíi −30 dBm. Mo wo ojú réédíò lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn: −51. Òjò ò tíì kán, 21 dB ti sọnù! Ní −66 ni réédíò yìí máa ń dákẹ́, nítorí náà 15 dB péré ló kù nínú àpò wa, òjò 50 mm sì ń gba 15 dB náà gẹ́lẹ́. Abájọ.

Gígun ọ̀pó, dídè àwo mọ́ ọn, wáyà earth, ẹni tó ń ka èyí ti mọ̀ wọ́n ṣe. Ẹyọ kan ni mi ò ní fò: ẹ pa ATPC (ètò tó ń jẹ́ kí réédíò fúnra rẹ̀ yí agbára tó ń fi ránṣẹ́ padà) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì so modulation (ọ̀nà tí réédíò ń gbà di dátà sórí ìgbì) mọ́ èyí tó kéré jù. Tí ATPC bá wà ní títàn, bí ẹ ṣe ń tò ó dáadáa ni òdìkejì á máa dín agbára rẹ̀ kù, nọ́ńbà ò sì ní sọ òótọ́ fún yín.

Ibi tó gba ọjọ́ kan gbáko lọ́wọ́ mi wá nìyí. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sára ògiri: ìmọ́lẹ̀ tó le wà láàárín, òrùka kan tó ṣe bàìbàì sì yí i ká. Bí àwo ṣe rí nìyẹn. Àárín tó le yẹn ò fẹ̀ ju dígírì 0.9 lọ lórí àwo 30 cm. Òrùka bàìbàì náà, tí a ń pè ní side lobe, wà ní nǹkan bíi dígírì 1.3 sí àárín, agbára rẹ̀ sì fi nǹkan bíi 20 dB kéré sí ti àárín. Orí òrùka yẹn ni wọ́n fún bóòtù le sí. 21 dB wa tó sọnù, ibẹ̀ ló wà.

Ìdí tó fi rọrùn láti kó sí i ni pé kòtò wà láàárín òrùka àti àárín. Mo ń yí bóòtù ní ìdá mẹ́rin àyípo kan lẹ́ẹ̀kan: −51, −55, −62. Ẹ̀rù bà mí, mo dá a padà. Mo yí i sí òdìkejì, ó tún lọ sílẹ̀, mo ní −51 náà ni góńgó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀! Ìgbà tí mo fàyà rán an tí mo kọjá −62 ni mo rí −54, −43, −35. Ẹ má ṣe dúró níbi góńgó àkọ́kọ́. Ẹ gbé àwo láti òsì dé ọ̀tún tán, kí ẹ máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Góńgó mẹ́ta ló yẹ kí ẹ rí, kékeré, ńlá, kékeré. Tó bá jẹ́ méjì tó dọ́gba lẹ rí, ó ṣeé ṣe kí òkè-sí-ìsàlẹ̀ má tọ̀nà. Ẹ tún ìyẹn ṣe, kí ẹ padà sí òsì-sí-ọ̀tún. Ẹnì kan ṣoṣo sì ni kó máa yí nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà; ẹni tó wà ní òdìkejì gbọ́dọ̀ ká ọwọ́ kúrò pátápátá.

Mo dé −31. Inú mi dùn, mo fún bóòtù le, ó já sí −35. Ṣíṣe bóòtù kan le tán kó tó kan èkejì ló fa àwo náà. Díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, ojú lára nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tó fi dúró ní −31.

Nǹkan kéékèèké mìíràn: rọ́bà tó wà láàárín réédíò àti àwo ti ká, omi ti wọ inú rẹ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa wé téèpù orí wáyà lọ sókè, kí ìpele òkè lè gorí tìsàlẹ̀ bíi páànù òrùlé. Ẹ lo polarisation (ìhà tí ìgbì ń mì sí) tó dúró lóròó ní òpin méjèèjì, torí ẹ̀kán òjò máa ń fẹ̀ pẹrẹsẹ bó ṣe ń bọ̀, ó sì máa ń jẹ èyí tó dùbúlẹ̀ jù. Ẹ sì mi ọ̀pó wò: tí afẹ́fẹ́ bá tẹ̀ ẹ́ ní dígírì 0.45, 3 dB ti lọ.

Nígbà tí òjò líle dé, −31 lọ sí −49, ó sì dúró síbẹ̀ láì kú. Réédíò méjì tí a yọ ṣì wà nínú páálí, ara wọn le koko.