Ààrò Èéfín Rẹ Ti Bu? Má Tíì Ṣáná Sí I

Tí ààrò èéfín tí a fi ń yan ẹran bá ti jókòó fún oṣù mélòó kan láìrí iná, ọjọ́ tí o bá ṣí ọmọrí rẹ̀ ni wàá rí i: èbu funfun múlọ́múlọ́ bí òwú lórí irin tí a ń tẹ́ ẹran lé, èyí tó ti di àwọ̀ ewé nínú abọ́ tí ọ̀rá ń kán sí, àti òórùn aṣọ tutù tí wọ́n ká sínú àpò. Ààrò náà kò tíì bàjẹ́ o. Ohun tí èèyàn bá ṣe tẹ̀lé e ló lè bà á jẹ́.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn sọ pé "iná á pa á," kó sì ṣáná sí i bẹ́ẹ̀. Iná á pa èbu lóòótọ́, àmọ́ kò ní gbé e kúrò níbẹ̀. Àwọn èbu kan tún máa ń ní májèlé tí ooru kì í tètè rí pa. Èmi náà ti ṣe é rí. Ọ̀rá àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ gbiná, ahọ́n iná ń yọ létí ọmọrí. Mi ò ṣí i, mi ò da omi sí i. Mo dí gbogbo ojú ihò afẹ́fẹ́ títí iná fi kú. Láti ọjọ́ náà, fífọ̀ ni mo fi ń ṣíwájú.

Kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù: èédú, igi, eérú, omi inú abọ́. Má ṣe ṣẹ́ èyí tó dà bíi pé ó ṣì dára kù. Eérú máa ń fa omi mọ́ra, á sì jẹ irin. Tó bá jẹ́ èyí tó ń lo pellet ni, ìyẹn kóro kéékèèké tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi ṣe, pellet tó ti fa omi á wú, á di lẹ́búlẹ́bú, á há sínú irin tó ń tì í lọ síbi iná. Bó bá ń lo iná mànàmáná, yọ wáyà rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Má ha èbu ní gbígbẹ. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ á fò sókè, imú rẹ ló sì ń lọ. Ìta ni kí o ti ṣe é, fi ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ sí i, wọ́n omi ọṣẹ sí i kó rọ̀ kí o tó máa ha á. Ẹni tí mímí máa ń nira fún, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a ṣe é.

Bílíìṣì ńkọ́? Fi sílẹ̀. Ó ń jẹ irin, bó bá sì pàdé fínígà, gáàsì olóró ni yóò yọ. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọbọ́ tó.

Gbogbo ohun dúdú kọ́ ni èbu. Ìpẹ́pẹ́ tó ń ṣí lára ọmọrí, èéfín àti ọ̀rá tó jóná mọ́ra ni. Ha èyí tó ń já bọ́, má sì họ ara irin títí yóò fi máa dán, torí ìpẹtà ló ń tẹ̀ lé e. Rọ́bà tàbí òwú etí ilẹ̀kùn tí èbu ti wọ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé fọ̀ mọ́, pààrọ̀ rẹ̀.

Tó bá ti gbẹ dáadáa, ìgbà yẹn ni iná kàn. Láìsí ẹran nínú rẹ̀, ṣí ojú ihò afẹ́fẹ́, jẹ́ kó gbóná tó 200°C sí 230°C fún wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ààrò oníná mànàmáná kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Má fipá mú un, lo èyí tó lè dé, kí o jẹ́ kó pẹ́ sí i. Tó bá tutù, fi òróró díẹ̀ pa inú rẹ̀, kí o tún fi iná díẹ̀ yan án fún wákàtí méjì.

Àṣìṣe tó ń dá èbu padà ni kí èèyàn fi aṣọ bo ààrò nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Oru á di omi lábẹ́ aṣọ náà. Ha irin, da ọ̀rá àti eérú nù lọ́jọ́ tí o lò ó, dúró kó tutù pátá, kí o fi ojú ihò kan sílẹ̀ ní ṣíṣí.